Ìyàn Ọdún 1974: Bí Pittsburgh Steelers Ṣe Fi Draft Kọ́ Ikọ̀ Tó Gba Ife Mẹ́rin

Ní ọjọ́ 29 àti ọjọ́ 30 oṣù Kíní ọdún 1974, àwọn ikọ̀ 26 tó wà nínú NFL, ìyẹn líìgì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, pín àwọn ọ̀dọ́ tó ń jáde ní yunifásítì láàrin ara wọn ní ìlú New York. Ìpele 17 ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀dọ́ 442 ni wọ́n sì pe orúkọ wọn. Nínú àwọn 442 yìí, márùn-ún ni orúkọ wọn padà wọ Hall of Fame ní ìlú Canton, gbọ̀ngàn tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn akọni eré náà. Oakland Raiders mú ẹyọ kan nínú wọn, Dave Casper. Pittsburgh Steelers nìkan ló kó mẹ́rin tó kù: Lynn Swann ní ìpele kìíní, Jack Lambert ní ìpele kejì, John Stallworth ní ìpele kẹrin, àti Mike Webster ní ìpele karùn-ún. Kò sí ikọ̀ mìíràn tó tíì rí mẹ́rin irú wọn mú nínú ìyàn ọdún kan ṣoṣo, bẹ́ẹ̀ sì ni ọdún kan kò tíì pé lẹ́yìn ọjọ́ náà tí Steelers fi gba ife àkọ́kọ́ nínú ìtàn wọn.

Mo ti ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ìyàn yìí tipẹ́, ohun tó sì ń dùn mí ni pé oríire ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é, bí ẹni pé ṣe ni Steelers na ọwọ́ sínú àpò tí wọ́n sì fa ẹja mẹ́rin jáde. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ tó bí ọjọ́ méjì yẹn ti ń lọ fún nǹkan bí ọdún márùn-ún kí ọjọ́ náà tó pé, lórí pápá àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tí àwọn ẹlòmíràn kì í dé.

Kí ẹni tó jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ló mọ̀ má bàa ṣìnà, ó yẹ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé bọ́ọ̀lù sá, ọwọ́ náà ni wọ́n sì fi ń jù ú. Ènìyàn 11 ló ń dojú kọ ènìyàn 11, ẹni tí bọ́ọ̀lù bá sì wà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n lè wọ́ ọ mọ́lẹ̀. Ìyàtọ̀ tó kàn wá jù níbí ni bí wọ́n ṣe ń rí agbábọ́ọ̀lù. Ní Yúróòpù, ikọ̀ tó bá lówó lè ra agbábọ́ọ̀lù tó bá wù ú lọ́wọ́ ikọ̀ mìíràn. Ní Amẹ́ríkà, yunifásítì ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbá bọ́ọ̀lù dàgbà, nígbà tí wọ́n bá sì fẹ́ di agbábọ́ọ̀lù olówó, àwọn ikọ̀ á tò lẹ́sẹẹsẹ láti yàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò yìí ni wọ́n ń pè ní draft. Bert Bell, ẹni tó ni Philadelphia Eagles nígbà náà, ló dábàá rẹ̀, ìlú Philadelphia náà ni wọ́n sì ti ṣe àkọ́kọ́ ní oṣù Kejì ọdún 1936. Ìlànà rẹ̀ ni pé ikọ̀ tó ṣe burúkú jù lọ ní ọdún tó kọjá ni yóò kọ́kọ́ yàn, ẹni tó gba ife ni yóò sì yàn kẹ́yìn, kí agbára lè máa yí ká. Ọ̀dọ́ tí ikọ̀ kan bá ti yàn kò ní ẹ̀tọ́ láti bá ikọ̀ mìíràn dúnàádúrà.

Ní ọdún 1974, òfin yìí le ju bó ṣe wà lónìí lọ, nítorí pé òmìnira tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ní báyìí láti ṣí kúrò nígbà tí àdéhùn wọn bá parí, ọdún 1993 ni ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ikọ̀ tó bá yan ọ̀dọ́ kan lè dì í mú títí ara rẹ̀ yóò fi kọ iṣẹ́. Èyí túmọ̀ sí pé draft nìkan ni ẹnu ọ̀nà ilé, ẹni tó bá sì gba ẹnu ọ̀nà náà kó ènìyàn tí kò tọ́ wọlé yóò bá wọn gbé fún ìgbà pípẹ́.

Kò sí ikọ̀ tó fi ara gbá èyí bíi Pittsburgh. Art Rooney dá ikọ̀ náà sílẹ̀ ní ọdún 1933, ó sì fi owó 2,500 dọ́là ra àyè nínú líìgì. Láti ìgbà náà títí di ọdún 1971, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n dé playoff, ìyẹn àwọn ìdíje tí wọ́n ń gbá lẹ́yìn líìgì láti mọ ẹni tí yóò gba ife, ní ọdún 1947, Philadelphia sì fi 21 sí òdo lù wọ́n níbẹ̀. Ẹni tí ìlànà draft ṣe fún gan-an nìyí: ikọ̀ tó ń ṣe burúkú lọ́dọọdún, tó sì ń kọ́kọ́ yàn lọ́dọọdún. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí wọ́n fi ẹ̀tọ́ náà ṣe. Ní ọdún 1955, wọ́n yan Johnny Unitas, ọmọ bíbí ìlú Pittsburgh fúnra rẹ̀, ní ìpele kẹsàn-án, wọ́n sì lé e kí líìgì ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀. Unitas lọ ń gbá bọ́ọ̀lù àdúgbò ní Bloomfield, lórí pápá tí kò ní koríko, dọ́là mẹ́fà ni wọ́n ń san fún un lórí ìdíje kan. Lẹ́yìn náà ni Baltimore Colts pè é, ó sì gba ife fún wọn ní 1958 àti ní 1959. Ní ọdún 1957, Steelers yan Len Dawson sí ipò karùn-ún, Cleveland tó tẹ̀lé wọn sì yan Jim Brown, ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kò sí ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù sá jù ú lọ títí di òní. Dawson pàápàá, wọn kò fún un láyè. Ibòmíràn ni ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Nígbà tó di 1965, wọ́n ti fi ẹ̀tọ́ ìyàn ìpele kìíní wọn ṣe pàṣípààrọ̀ fún Chicago Bears, Chicago sì fi í mú Dick Butkus.

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí kò pamọ́. Ẹ̀tọ́ láti kọ́kọ́ yàn kì í ṣe ìmọ̀ ẹni tó yẹ kí a yàn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọjà tí kò mọ iṣu, ìjẹ̀bú ni yóò rà bọ̀ nílé tí yóò pè é ní ọ̀kúnmọ́dò. Ọdún 33 ni líìgì fi ń fún Steelers láyè láti ra iṣu rere, tí wọ́n sì ń gbé èyí tó ti jẹrà bọ̀ wálé.

Ní oṣù Kíní ọdún 1969 ni wọ́n gba Chuck Noll gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ọmọ ọdún 37 ni, kò sì tíì jẹ́ olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá rí. Ohun tó gbé wá ni pé àwọn ọ̀dọ́ ni òun yóò fi kọ́ ikọ̀, òun yóò yàn wọ́n, òun yóò sì kọ́ wọn níṣẹ́ fúnra òun, dípò kí òun máa fi ẹ̀tọ́ ìyàn ra àwọn tó ti dàgbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ẹni àkọ́kọ́ tó yàn ni Joe Greene, láti North Texas State, ẹni tí àwọn ará ìlú kò mọ̀ rárá. Ní ìpele kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n mú L.C. Greenwood. Ọdún náà burú jáì: ìdíje ẹyọ kan ni wọ́n borí, wọ́n sì pàdánù 13. Noll kò yí ìlànà rẹ̀ padà. Ní 1970, wọ́n yan Terry Bradshaw sí ipò kìíní lẹ́yìn tí wọ́n ju owó ẹyọ pẹ̀lú Chicago, nítorí pé ikọ̀ méjèèjì ni èsì wọn burú bákan náà, wọ́n sì mú Mel Blount ní ìpele kẹta. Ní 1971, Jack Ham dé, bẹ́ẹ̀ náà ni Dwight White àti Ernie Holmes, ìpele kẹjọ ni wọ́n sì ti mú Holmes. Ní 1972, Franco Harris. Òpin ọdún 1972 yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ borí nínú ìdíje playoff, nígbà tí wọ́n fi 13 sí 7 lu Oakland.

Bí ènìyàn bá wo àwọn orúkọ tí mo kà wọ̀nyí dáadáa, yóò rí ohun kan. Greenwood wá láti Arkansas AM&N, Blount láti Southern, Holmes láti Texas Southern. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ni gbogbo wọn. Ní gúúsù Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn yunifásítì ńláńlá fi ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, nítorí náà àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn ni àwọn ọmọ tó lẹ́bùn ń lọ. Bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbá níbẹ̀ dára gan-an, ṣùgbọ́n tẹlifíṣọ̀n kì í gbé e, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ funfun kì í kọ nípa rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri fún NFL kì í sì í dúró pẹ́ níbẹ̀.

Ẹni tó mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ ni Bill Nunn. Akọ̀ròyìn ni Nunn, iṣẹ́ ìwé ìròyìn Pittsburgh Courier ni ó ń ṣe, ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n ń kà káàkiri Amẹ́ríkà. Lọ́dọọdún ni ó máa ń to orúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú jáde nínú ìwé ìròyìn náà, nítorí èyí kò sí akọ́nimọ̀ọ́gbá níbẹ̀ tí kò mọ̀ ọ́n. Ìlú kan náà ni òun àti Steelers wà, síbẹ̀ kì í sún mọ́ ọ̀dọ̀ wọn, nítorí pé ó rí i pé wọn kò ka irú àwọn ènìyàn rẹ̀ sí. Dan Rooney, ọmọ Art Rooney, gbọ́ èyí, ó ránṣẹ́ pè é, wọ́n sì jọ sọ ọ̀rọ̀ náà lójúkojú. Ní 1967, Nunn bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn ṣiṣẹ́ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí Noll dé ní 1969, ó gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Ní tèmi, ìpè tí Dan Rooney pe akọ̀ròyìn yìí ṣe pàtàkì ju ẹnikẹ́ni tí ikọ̀ náà yàn lọ, nítorí pé òun ló fún wọn ní ojú.

Bí ojú náà ṣe ṣiṣẹ́ hàn kedere nínú ọ̀rọ̀ John Stallworth. Alabama A&M, ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Huntsville, ni Stallworth wà. Ipò ẹni tí ń sáré síwájú lọ gba bọ́ọ̀lù tí quarterback, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún ikọ̀, bá jù ni ó ń gbá, ó ga, ọwọ́ rẹ̀ sì gùn. Ìtàn tí wọ́n máa ń sọ ní Pittsburgh ni pé àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún oríṣiríṣi ikọ̀ jọ lọ wò ó lọ́jọ́ kan. Òjò ti rọ̀, ilẹ̀ ṣì tutù. Wọ́n ní kí ó sáré 40 yáàdì, èyí tí kò tó mítà 37, nítorí pé lórí ìwọ̀n yẹn ni wọ́n ti máa ń mọ ẹni tó yára. Ó sáré, wọ́n tẹ aago, aago náà kò dára. Àwọn yòókù kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò yára tó, wọ́n palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n sì wọ ọkọ̀ lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ tó kàn. Nunn sọ fún wọn pé ara òun kò dá, pé kí wọ́n máa lọ. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó mú Stallworth lọ sí ibi tí ilẹ̀ ti gbẹ, ó tún tẹ aago rẹ̀, ọmọ náà sì sáré bí ẹni tí ń sáré gan-an. Ìwé tí àwọn yòókù kó lọ ní aago ilẹ̀ tútù nínú, èyí tó wà lápò Nunn nìkan ló ní aago ilẹ̀ gbígbẹ.

Kò parí síbẹ̀. Nunn yá fíìmù ìdíje Stallworth lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, fíìmù tí àwọn ikọ̀ yòókù náà ń retí, ó sì gbé e lọ sí Pittsburgh. Kò yára dá a padà. Àwọn kan lè sọ pé èyí kò dára tó, mo sì gbà pé àwọn yòókù ní ẹ̀tọ́ láti kanrí. Ṣùgbọ́n nígbà tí Noll wo fíìmù náà tán, ọ̀rọ̀ yí padà: ó ní ọmọ yìí ni òun fẹ́ ní ìpele kìíní gan-an.

Ibí ni iṣẹ́ draft ti yàtọ̀ sí kí ènìyàn kàn mọ agbábọ́ọ̀lù. Mímọ̀ pé ọmọ kan dára jẹ́ ìdajì iṣẹ́. Ìdajì kejì ni mímọ ohun tí àwọn ikọ̀ yòókù mọ̀ nípa rẹ̀. Art Rooney kékeré, ẹni tó ń darí àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún ikọ̀ náà, àti Nunn pẹ̀lú, pàrọwà fún Noll pé kò sí ẹni tó tíì rí Stallworth bí àwọn ṣe rí i, pé yóò ṣì wà nílẹ̀ ní ìpele kẹrin, ṣùgbọ́n pé Lynn Swann láti USC, tí gbogbo Amẹ́ríkà ti rí lórí tẹlifíṣọ̀n, kò ní dúró de ẹnikẹ́ni. Ipò 21 ni Steelers wà ní ìpele kìíní, Dallas Cowboys sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn ní ipò 22. Noll gbà. Wọ́n mú Swann.

Ní ìpele kejì, ipò 46, wọ́n mú Jack Lambert láti Kent State. Àríyànjiyàn kékeré kọ́ ni orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀, nítorí pé ó ga ṣùgbọ́n ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi 204 pọ́ùn lọ, bẹ́ẹ̀ ipò linebacker tó ń gbá, ìyẹn ẹni tó ń dáàbò bo ilé láti ẹ̀yìn ìlà iwájú, ẹni tó tóbi ni wọ́n máa ń fẹ́ níbẹ̀. Ohun tó mú kí Steelers fẹ́ ẹ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ kan tí ẹrẹ̀ bo pápá Kent State, tí wọ́n sì kó àwọn agbábọ́ọ̀lù lọ ṣe ìgbaradì ní ibi tí wọ́n ti ń gbé ọkọ̀ sí, ibi tí òkúta wẹ́wẹ́ wà nílẹ̀. Ìgbaradì lásán ni, kò sí ẹni tó retí pé kí ẹnikẹ́ni ṣubú. Lambert fò mọ́ ẹnì kan tó gbé bọ́ọ̀lù, ó fi ara rẹ̀ gbo òkúta náà, ó dìde, ó sì ń fi ọwọ́ yọ òkúta kúrò lára apá rẹ̀ bó ṣe ń rìn padà sí ipò rẹ̀, láìsọ ohunkóhun. Ẹni tí Pittsburgh rán lọ dúró níbẹ̀, ó sì rí i. Ìwọ̀n lórí òṣùwọ̀n kò lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ènìyàn.

Lẹ́yìn náà ni àkókò tó le jù dé. Steelers kò ní ẹ̀tọ́ ìyàn ní ìpele kẹta, nítorí wọ́n ti fi í gba Tom Keating lọ́wọ́ Oakland. Láti ipò 46 tí wọ́n ti mú Lambert sí ipò 82 tí wọn yóò tún ti sọ̀rọ̀, orúkọ 35 ni àwọn ẹlòmíràn yóò pè. Ẹ fi ojú inú wo yàrá náà ní Pittsburgh, tí tẹlifóònù ń mú orúkọ wá láti New York lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá sì mọ̀ pé àwọn tó ń gba òun nímọ̀ràn ni wọ́n ní kí òun dúró. Orúkọ 35 kọjá. Kò sí ẹni tó pe Stallworth. Àwọn Steelers pè é. Ní ipò 100 wọ́n mú Jimmy Allen láti UCLA, òun náà sì wúlò fún wọn. Ní ipò 125, ìpele karùn-ún, wọ́n mú Mike Webster láti Wisconsin, ẹni tó ń dúró ní àárín ìlà iwájú láti fi bọ́ọ̀lù lé quarterback lọ́wọ́, tí wọ́n sì sọ pé ó kéré jù fún iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn tí draft parí, Nunn ṣì ní orúkọ kan lọ́wọ́. Donnie Shell láti South Carolina State, ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú mìíràn, ni gbogbo ikọ̀ 26 ti fò kọjá ní ìpele 17. Steelers fún un ní àdéhùn. Shell náà wọ Hall of Fame, pẹ̀lú àwọn tí wọ́n yàn ní ọdún 2020. Nítorí náà, bí a bá ní ká sọ òótọ́, márùn-ún ni Pittsburgh kó ní ọdún yẹn.

Yíyàn nìkan kò tó, ẹni tí a yàn gbọ́dọ̀ rí àyè gbá. Ìyanṣẹ́lódì kan ló ṣí àyè náà sílẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1974, ẹgbẹ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù NFL yanṣẹ́lódì, àwọn àgbà kò sì wá sí ibùdó ìgbaradì títí di oṣù Kẹjọ. Àwọn ọmọ tuntun nìkan ló kọ́kọ́ wà ní Saint Vincent College ní ìlú Latrobe, Noll àti àwọn ìgbákejì rẹ̀ sì ní gbogbo àsìkò láti fi kọ́ wọn. Ikọ̀ mìíràn lè rí ìyanṣẹ́lódì náà bí àsìkò tó ṣòfò. Akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ti gbà pé àwọn ọ̀dọ́ tí òun yàn ni òun yóò lò kò ní àsìkò tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí Henry Davis, tó ń gbá ipò àárín lẹ́yìn, fara pa, Lambert ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kò sì kúrò níbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá. Ní ìparí ọdún náà, òun ni wọ́n yàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tuntun tó dára jù lọ láàrin àwọn tó ń dáàbò bo ilé.

Líìgì ọdún náà kò lọ geere. Joe Gilliam, tí wọ́n mú ní ìpele 11 ọdún 1972 láti Tennessee State, ni ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí quarterback, kí Noll tó dá Bradshaw padà sí ipò náà. Wọ́n borí ìdíje 10, wọ́n pàdánù mẹ́ta, wọ́n sì gbá ọ̀mì kan. Wọ́n lu Buffalo, wọ́n sì lọ bá Oakland nílé wọn ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá, níbi tí bọ́ọ̀lù tí Swann gbà ní ìdá kẹrin ìdíje náà ti fi wọ́n síwájú, tí wọ́n sì fi 24 sí 13 borí. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kíní ọdún 1975, ní Tulane Stadium ní New Orleans, wọ́n fi 16 sí 6 lu Minnesota Vikings láti gba Super Bowl, ìyẹn ìdíje àṣekágbá NFL. Yáàdì 17 péré ni Vikings rí gbé bọ́ọ̀lù sá ní gbogbo ọjọ́ náà. Àwọn mẹ́rin tó dí wọn lọ́nà ní iwájú ni Greene, Greenwood, White àti Holmes. Ìpele kìíní, ìkẹwàá, ìkẹrin àti ìkẹjọ ni wọ́n ti yàn wọ́n. White ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí ibùsùn ilé ìwòsàn nítorí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró, ó sì wá gbá bọ́ọ̀lù. Franco Harris gbé bọ́ọ̀lù sá fún yáàdì 158, òun ni wọ́n sì fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù. Art Rooney ti ń dúró de ọjọ́ yẹn fún ọdún 42.

Wọ́n tún gba ife náà ní oṣù Kíní 1976, ní oṣù Kíní 1979, àti ní oṣù Kíní 1980. Nínú èyí tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kejì, Swann gba bọ́ọ̀lù mẹ́rin fún yáàdì 161, òun ló sì tayọ jù lọ́jọ́ náà. Nínú èyí tó jẹ́ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, Stallworth, ọmọ tí wọ́n ní kò yára tó, sáré wọlé pẹ̀lú bọ́ọ̀lù kan tó gba yáàdì 73. Nígbà tí wọ́n gba ife kẹrin yẹn, kò sí ẹnì kan nínú ikọ̀ náà tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún ikọ̀ NFL mìíràn rí. Àwọn tí Steelers yàn tàbí tí wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ ni gbogbo wọn.

Ó wúwo lọ́kàn mi láti ka orúkọ Webster láàrin èrè ìyàn yìí kí n sì kọjá lọ. Ọdún 15 ni ó fi dúró ní ìlà iwájú ikọ̀ náà, tí orí rẹ̀ ń gbá orí ẹlòmíràn ní gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá ṣí. Ó kú ní 2002, ní ẹni ọdún 50, lẹ́yìn tí ọkàn rẹ̀ ti dàrú fún ìgbà pípẹ́. Dókítà Bennet Omalu, ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ní Yunifásítì Nsukka, ni ó yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò ní Pittsburgh, ó sì rí àrùn ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní CTE níbẹ̀, èyí tí orí tó ń gbá nǹkan léraléra máa ń fà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ tí wọ́n rí lára agbábọ́ọ̀lù NFL. Ẹni tó bá ń ṣírò ohun tí ipò 125 mú wá fún Pittsburgh gbọ́dọ̀ ṣírò ohun tó gbà lọ́wọ́ Webster pẹ̀lú.

Fún àwọn tó ń sọ pé oríire ni, mo gbà pé oríire wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni lè ti pe Stallworth láàrin orúkọ 35 yẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù tí Steelers yàn ní 1974 ni kò sì rí àyè. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ló jẹ́ kí n dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Nígbà tí Pittsburgh ń gba ife léraléra, àwọn ikọ̀ yòókù la ojú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rán ènìyàn lọ sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú, àwọn yunifásítì ńláńlá gúúsù náà sì ti ń gba àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú wọlé. Ohun tí Nunn nìkan mọ̀ tẹ́lẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Bí àǹfààní ìmọ̀ náà ṣe lọ ni ife náà ṣe lọ. Ní 1983, ipò 21 ni Steelers tún wà, ipò kan náà tí wọ́n ti mú Swann. Dan Marino, ọmọ ìlú Pittsburgh, tó gbá bọ́ọ̀lù ní yunifásítì ìlú náà, tí wọ́n lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ wò, ṣì wà nílẹ̀. Bradshaw ti ń darúgbó, ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ sì ń dùn ún. Wọ́n fi Marino sílẹ̀, wọ́n mú Gabe Rivera. Miami mú Marino ní ipò 27. Kí ọdún náà tó parí, ìjàm̀bá ọkọ̀ sọ Rivera di ẹni tí kò lè rìn mọ́, Bradshaw sì gbá ìdíje rẹ̀ ìkẹyìn. Oṣù Kejì ọdún 2006 ni Pittsburgh tó tún gba Super Bowl.

Noll wà ní ipò rẹ̀ títí di 1991. Nunn kò fi iṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Bó ti dàgbà tó, ó ṣì máa ń wá jókòó pẹ̀lú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá agbábọ́ọ̀lù kiri, tí wọ́n á jọ máa wo fíìmù. Ó kú ní oṣù Karùn-ún ọdún 2014, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ṣe draft ọdún náà. Ní 2021, orúkọ rẹ̀ wọ Hall of Fame ní Canton, níbi tí Swann, Lambert, Webster àti Stallworth ti ṣáájú rẹ̀ dé. Yàrá tí Steelers ti ń ṣe ìyàn wọn lónìí, orúkọ Bill Nunn ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn rẹ̀.